Kí Ìyá Múfútáù Kọ́kọ́ Gbọ́

Kò sí bí èèyàn ṣe lè máa kọ ìròyìn lédè Yorùbá kó má bá ọ̀rọ̀ náà, olóògbé, pàdé. Bí ẹnì kan bá ti kú, òun la máa ń fi ṣáájú orúkọ rẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn mìíràn ń lò ó bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Èmi kì í lò ó bẹ́ẹ̀, agídí mi lórí rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Onitsha ni mo ti ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò wa n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ Múfútáù aránṣọ ló sì sọ mí di alágídí.

Okpoko, àdúgbò kan létí Onitsha, ni Múfútáù ń gbé. Òun ló ń rán bùbá mi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi bó ṣe ń rán an. Lọ́dún tí omi ya wọ àdúgbò náà, ó kó ìyàwó àtọmọ jáde, ló bá tún padà lọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òkú rẹ̀ ni wọ́n rí. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò ti yí ìyàwó rẹ̀ ká, wọ́n ń fi èdè Ìgbò kí i pẹ̀lẹ́ pé, "Ndo, nne, ndo." Àwọn ará mọ́ṣáláṣí sì ti ń múra ìsìnkú.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n Múfútáù, Alhaji Ganíyù, fi pè mí láti Ìbàdàn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dárúkọ ẹ̀. Màmá wa wà n'Íwó, rédíò yín ni wọ́n ń gbọ́ ṣáá. Ẹ̀jẹ̀ wọn sì máa ń ru. Mo ti ń gbéra lọ síbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ fún wọn."

Ohun tó ń sọ yé mi dáadáa. Láàárín wa, a kì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá. A ó kọ́kọ́ ní ara ọmọ náà ò yá. Àwọn èèyàn á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan á jókòó tì í, lẹ́yìn náà lẹni tó dàgbà á tó là á sílẹ̀. Rédíò ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti èèyàn.

Mo kọ ọ́ pé ọkùnrin kan bá omi lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀gá yàrá ìròyìn wa fi pè.

"Ọkùnrin kan wo? Kò lórúkọ ni? Fi olóògbé síwájú orúkọ ẹ̀, jẹ́ n rí nǹkan kà lọ́sàn-án yìí. Àwọn tó kù á gbé e jáde ṣáájú wa."

"Ìyá ẹ̀ ò tíì gbọ́, sà. Kò ní í jẹ́ ẹnu tiwa ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

"Agídí yìí á pa ọ́ lọ́jọ́ kan."

"Bó bá pa mí, sà, ẹ jẹ́ kí ìyá mi gbọ́ kẹ́ ẹ tó pè mí ní olóògbé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì fẹ́ rín in. Bí mo ṣe kọ ọ́ náà ló kà á lórí rédíò.

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Gbogbo rédíò tó ń ké ládùúgbò ni mò ń dẹtí sí, kí ilé-iṣẹ́ mìíràn má lọ dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsárì, Alhaji pè padà, ẹkún ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ tí ìyá wọn fi gba fóònù.

"Ìwọ lọmọ rédíò yẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ kú àmúmọ́ra, mà."

"Ganí ní o dúró dè mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo ti gbọ́ báyìí. Kí gbogbo Ìwó náà gbọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹlòmíì kà á. Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n ni kó o kà á fún mi."

Nírọ̀lẹ́, wọ́n so mí pọ̀ mọ́ rédíò wa n'Íbàdàn lórí fóònù. Àánú ìyá náà ń ṣe mí. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ náà, mo fara balẹ̀ pè é ketekete, nítorí mo mọ ẹni tí mò ń kà á fún: olóògbé Múfútáù, ọmọ bíbí ìlú Ìwó.