Omi Tí Bàbá Mi Pè Ní Ọ̀gọ̀dọ̀

Nígbà tí Niger ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, adágún òjò kan wà lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Wadata, ní olú-ìlú ibẹ̀. Bangu ni àwọn Zarma tó ni ilẹ̀ ń pè é, wọn kì í da pàǹtí síbẹ̀. Ọ̀gọ̀dọ̀ ni bàbá mi pè é, ilé ẹ̀fọn. Nígbà tó gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, bàbá mi kó àwọn ará Ìlọrin bíi tiwa jọ, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí i pa, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e. Wọ́n mà gbọ́n o! Omi yẹn ló ń rọra wọnú ilẹ̀ lọ bọ́ kànga wa. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, kànga gbẹ táútáú. Bàbá mi ní àwọn Zarma ló ṣe oògùn sí i, bàbá mi sì ń wí i bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Omi tí a fi wẹ òkú bàbá mi, ọ̀dọ̀ àwọn Zarma ni mo ti lọ tọrọ rẹ̀.