Káàdì Tó Wà Nínú Àpótí Mi

Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín. Ó ti pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tún jí nínú mi, níbi tí mo ti ń jẹ ẹ̀kọ jẹ́jẹ́.

Kúdírátù, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ló wá kí mi. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, dókítà sì ní kí n máa wá lóṣooṣù. Kúdírátù ní ọsibítù náà ti gbé ètò wọn sórí fóònù, pé èèyàn á forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, á mú ọjọ́ tó fẹ́ wá, èsì àyẹ̀wò pàápàá á wọlé síbẹ̀. Mo ní ó dáa. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ìka rẹ̀ ń sáré bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Kí n tó bó ewé ẹ̀kọ kejì, ó ti parí.

Mo bi í pé kí ló kọ síbẹ̀, kí sì ni èmi náà máa ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Mo gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ti sọ gbólóhùn yẹn rí? Èmi gan-an ni!

Ìdèrè nilé ọkọ mi. Lẹ́yìn 1985 lọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, nígbà tó jẹ́ pé omi adágún la ṣì ń mu, tí sòbìyà ń yọ lẹ́sẹ̀ tọmọdé tàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ kéré lè má mọ̀ ọ́n. Aràn gígùn kan ni, funfun bí òwú, á máa yọ díẹ̀díẹ̀ lára èèyàn, ojú ibẹ̀ á sì di egbò. Tó bá mú àgbẹ̀ lásìkò iṣẹ́, oko ọdún yẹn ti lọ nìyẹn.

Ìwé kẹrin ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa ṣọ́ àbúrò mi. Kò tó nǹkan, àbí? Àmọ́ láàárín àwọn obìnrin agbo ilé wa nígbà náà, ọ̀mọ̀wé ni mí. Mo lè ka orúkọ, mo lè ka nọ́ńbà.

Sòbìyà wá yọ sí ìyá ọkọ mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìyá tó jẹ́ pé ẹrù ègúsí wọn ló máa ń kọ́kọ́ dé ọjà Igbó-Ọrà, wọ́n wá di ẹni tó ń fìdí wọ́ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ wú, ó ń dán. Mo ní ká lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní àwọn ò lọ, pé ìwé ni gbogbo nǹkan ibẹ̀, ẹ lọ sí fèrèsé yìí, ẹ lọ sí fèrèsé tọ̀hún. Ìyá ò bẹ̀rù abẹ́rẹ́ tó fèrèsé.

Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà rèé. Tí o bá dé, wàá kọ́kọ́ lọ síbi fèrèsé káàdì. Akọ̀wé á kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà sára káàdì kékeré kan, á tún kọ ọ́ sára fáìlì. Káàdì á wà lọ́wọ́ rẹ, fáìlì á wà lọ́dọ̀ wọn. Gbogbo ohun tí dókítà bá rí lára rẹ, inú fáìlì yẹn ló wà. Lọ́jọ́ mìíràn, nọ́ńbà ara káàdì ni wọ́n á fi wá fáìlì. Tí káàdì ò bá sí, orúkọ rẹ ni wọ́n á fi wá a.

Mo fi ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, mo lọ tò síwájú fèrèsé. Nígbà tó kàn mí, akọ̀wé, ọkùnrin kan tó fi bírò há etí, bi mí pé kí lorúkọ aláìsàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi dì.

Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ tí mo bá nílé pàápàá, orúkọ tí mo fún wọn fúnra mi ni mo fi ń pè wọ́n. Eyínafẹ́ ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi obìnrin, torí eyín rẹ̀ tó funfun. Ká má wá sọ ti ìyá tó bí ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, orúkọ yẹn ò tíì gba ẹnu mi jáde rí.

Mo ní kí akọ̀wé kọ Ìyá Ẹlẹ́gùúsí. Ó ní ṣé ègúsí ló ń ṣàìsàn ni? Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní kí n jọ̀ọ́ yára, pé ara ọmọ òun ń gbóná. Akọ̀wé tún bi mí, ó ti ń wo ẹni tó kàn. Orúkọ tó bọ́ lẹ́nu mi ni Sifáwù.

Sifáwù lorúkọ ìyá tó bí èmi. Wọ́n ti kú nígbà náà. Mo rò ó pé kí ló burú ńbẹ̀? Ìyá mi lèyí náà. Akọ̀wé kọ ọ́, kò bèèrè orúkọ mìíràn, ó na káàdì sí mi.

Láti fèrèsé yẹn dé ìdí bẹ́ǹṣì, kò tó ogún ìṣísẹ̀. Mo lè lọ mú ìyá wá, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ orúkọ ara wọn. Ṣé ẹ rí i? Kò tó ogún ìṣísẹ̀. N ò lọ.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, mo jẹ́wọ́ fún ìyá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá itan. Wọ́n ní mo ṣe é re, pé ìyàwó mìíràn ì bá ti pariwo orúkọ àwọn bí ẹni ń kiri àkàrà. Inú mi dùn. Ó wá di àwàdà àwa méjèèjì nìkan. Tí ọjọ́ àtilọ wẹ egbò bá pé, ìyá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, jáde o, Sifáwù ti múra."

Nígbà kẹta tí a lọ ni dókítà ní kí wọ́n gún ìyá ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì. A ò tíì kúrò nínú ọgbà tí nǹkan fi sú sí wọn lára, ètè wú, èémí ò fẹ́ jáde dáadáa. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré gún wọn ní abẹ́rẹ́ mìíràn, ó sì rọlẹ̀. Dókítà fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn fáìlì. Ó yíjú sí mi, ó ní a ò gbọ́dọ̀ fún ìyá yìí ní irú abẹ́rẹ́ yẹn mọ́ láéláé. Mo ní mo ti gbọ́. Èmi ló sọ ọ́ fún. Ìyá wà níbẹ̀, dókítà ò wo ojú wọn. Èmi náà ò sì rántí kọ́ wọn lórúkọ abẹ́rẹ́ náà.

Ẹsẹ̀ san. Ìyá fẹ́ máa so káàdì náà mọ́ etí ìró wọn. Mo ní rárá, á tutù, á já bọ́ lọ́jà. Mo gbà á, mo fi í sínú àpótí mi, mo tì í, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìró tèmi.

Àwọn ìyá tó kù nínú agbo ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi. Kí ọdún tó yí po, káàdì mẹ́rin ló wà nínú àpótí yẹn. Ibi tí mo bá yà sí, àdúrà ni. Ó rọrùn fún mi kí n ṣe é fún wọn ju kí n dúró kọ́ wọn lọ. Kí n má parọ́, ó tún dùn mọ́ mi.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi bímọ ní Ayétẹ̀. Mo lọ tọ́jú rẹ̀ títí wọ́n á fi sọmọ lórúkọ. Kọ́kọ́rọ́ wà létí ìró mi.

Lẹ́yìn tí mo lọ tán ni ẹsẹ̀ ìyá tún wú, ibà ńlá sì tẹ̀ lé e. Eyínafẹ́ ló gbé wọn lọ. Ó dé iwájú fèrèsé, ó pe orúkọ ìyá rẹ̀ ketekete bí ọmọ ṣe lè pè é. Akọ̀wé tú fáìlì títí, kò rí i. Ó ní kí wọ́n lọ mú káàdì wá.

Eyínafẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ mi. Ọkọ mi fi àdá yọ agádágodo àpótí mi, ó rí káàdì mẹ́rin. Mẹ́ta jẹ́ ti àwọn ìyá tó mọ̀ nínú agbo ilé. Ẹ̀kẹrin ni Sifáwù. Ó ní ti ìyá mi tó ti kú ni, pé mo fi pa mọ́ fún ìrántí. Ó rọra dá a padà, kódà ó ṣàdúrà fún òkú.

Ni wọ́n bá ṣí fáìlì tuntun fún ìyá. Nọ́ọ̀sì bèèrè bóyá oògùn kan wà tí ara wọn kì í gbà. Eyínafẹ́ ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì bi ìyá fúnra wọn. Ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ, wọ́n ní, "Ìyàwó mi ló mọ̀ ọ́n."

Wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ náà.

Ìyá ò kú. Ẹ bá mi dúpẹ́. Àmọ́ ọjọ́ méjì ni wọn ò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí mo fi ti Ayétẹ̀ dé, wọ́n ti gbé wọn wálé, ojú wọn ṣì wú. Eyínafẹ́ jókòó tì wọ́n. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ ni mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: fèrèsé, Sifáwù, bírò pupa. Ọkọ mi jáde síta. Eyínafẹ́ ló fọhùn. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ìyàwó ọ̀mọ̀wé. Ẹ ti ìyá wa mọ́nú àpótí, ẹ wá mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi ìkómọ."

Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró mi, mo gbé e sílẹ̀ níwájú wọn.

Ìyá ní kó fi mí sílẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, orúkọ mi ni wọ́n sọ níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí. Má gbé mi lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ mí mọ́."

Mo rò pé ìbínú ni, pé á rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, tí òòyì ń kọ́ wọn ní ìdí ààrò, mo bẹ̀ wọ́n pé ká lọ kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru. Mo ní a ti tún orúkọ kọ, mo ti lọ sọ fún akọ̀wé, wọ́n ti pa fáìlì méjèèjì pọ̀. Òótọ́ sì ni, mo lọ. Wọ́n ń mi orí ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá ọ̀tún ò gbé mọ́, ẹnu yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n fi kú.

N ò sọ pé ọsibítù ì bá dá wọn sí. Ọlọ́run ló mọ̀. Àmọ́ wọn ì bá lọ. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn: èmi ni mo mú wọn borí ẹ̀rù fèrèsé, èmi náà ni mo tún ti ilẹ̀kùn.

Ìdí rèé tí mo fi gbé ẹ̀kọ sílẹ̀ níwájú Kúdírátù. Mo ní kó jókòó. Mo bi í pé orúkọ wo ló kọ sínú fóònù. Ó ní Grandma Ìdèrè, pé wọn yóò mọ̀. Mo ní nọ́ńbà fóònù ta? Ó ní tòun. Nọ́ńbà àṣírí ńkọ́? Ọjọ́ ìbí tòun.

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n tún ti fẹ́ ti ìyá kan mọ́nú àpótí.

Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, lórí fóònù tèmi. Ó gbà wá ní ọ̀sán gbáko! Ìka mi ń tẹ ibi méjì lẹ́ẹ̀kan, Kúdírátù ń mí kanlẹ̀, mo ní kó máa mí lọ. Orúkọ mi tó wà lára ìwé ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀. Oògùn tí ara mi ò fẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún kọ ọ́ sórí páálí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá wọlé lè kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn òbí yín ṣe nǹkan orí fóònù, ẹ ṣeun, ẹ má dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é tán fún wọn kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì nílé mọ̀ ọ́n. Tí ọwọ́ wọn bá ń gbọ̀n, ẹ ní sùúrù. Lọ́jọ́ tí ẹ ò ní sí nílé, ẹnu tiwọn ni wọ́n máa fi dáhùn.

Ta ló ní irú ìrírí yìí nínú yín? Ta ni ẹ ń ràn lọ́wọ́, àbí ta ló ń ràn yín lọ́wọ́, ibo ló sì ti wọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á, bó tilẹ̀ pẹ́.

Èmi náà á kọ tèmi, torí kò sí ẹni tó máa bá mi wí mọ́. Ìyá ọkọ mi, ẹlẹ́gùúsí Ìdèrè, Rábíátù Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ wọn. Ohun tó yẹ kí n sọ níwájú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.