Ta Lo Fà Á Lé Lọ́wọ́?

Nígbà kan, àwọn dírẹ́bà ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán ní Ọ̀fà Garage kì í pe Gbádéyan lórúkọ. Alágádágodo ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tí kì í tì. Ó ń ti búùtù, ó ń ti ìdérí tánkì, ó ń ti àpótí irinṣẹ́ tí kò sí ju sípánà tó ti dípẹtà nínú ẹ̀. Bí èrò bá ti jókòó tán, tí wọ́n ń pariwo pé kó jẹ́ káwọn máa lọ, á tún bọ́ sílẹ̀, á lọ fọwọ́ fa búùtù wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Okùn dúdú kan wà lọ́rùn ẹ̀ tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lórí ẹ̀. Abẹ́ ẹ̀wù ló ń fi wọ́n sí, láyà gan-an. Bó bá ń rìn, wọ́n á máa ró.

Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ti bí i. Bàbá ẹ̀ tètè kú. Ìwé mẹ́fà ló kà, ó bá gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ṣe ọmọ ọkọ̀ títí irùngbọ̀n fi hù ú, kí ọ̀gá ẹ̀ tó fún un ní Pijó kan láti máa wà.

Martha ló fẹ́. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán náà ni Martha. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan lápá Challenge. Nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bi í pé kí ló rí lára dírẹ́bà. Ó ní, "Ọkùnrin yìí ò ní jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nù láyé mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n bí Ìtùnú. Ọkùnrin ni. Kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa ló ti mọ eré sá. Bó bá ti rí ọkọ̀, tó ń pè ní bíbì, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbélẹ̀ mọ́.

Ilé rẹ́ǹtì ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn gáréèjì níbẹ̀. Yàrá kọjú sí yàrá, kànga wà láàárín, géètì ò sí. Èèyàn bá jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó di títì. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ìyá ọmọ bá ń jáde, kì í wọ yàrá ẹnikẹ́ni lọ bẹ̀bẹ̀. Àárín àgbàlá ló máa ń dúró sí, á kígbe pé, "Ẹ bá mi bojú wo ọmọ o!" Ẹni tó wà nílé ìdáná á dáhùn. Ẹni tó wà ní balùwẹ̀ á dáhùn. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì pàápàá á dáhùn. "Ó dàbọ̀ o!" "Kí Ọlọ́run mú ẹ bọ̀!" Ìyá ọmọ á máa lọ, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Bí ìyá Martha ṣe tọ́ ọ nìyẹn, òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ìkankan nínú wọn ò sọ nù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Gbádéyan jókòó nínú ọkọ̀, ó ń retí èrò. Shehu tó máa ń pe tọ́ọ̀nù, ìyẹn ọkọ̀ tó kàn láti gbé èrò, ní gáréèjì dé, ó gbé ọmọ kan lé èjìká.

"Alágádágodo, wá gba èrò ẹ. Mo bi í pé ibo ló ń lọ, ó ní bíbì. Ṣé ẹ̀ ń gbé èrò lọ sí bíbì?"

Ìtùnú ni. Abẹ́ tírélà ni Shehu ti fà á jáde. Ó ń fọwọ́ gbá táyà. Àwọn dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. Gbádéyan ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ, ó dúró sílé títí Martha fi ti ibi iṣẹ́ dé.

"Martha, ta lo fà á lé lọ́wọ́ nígbà tó ò ń padà síbi iṣẹ́?"

"Gbogbo ilé."

"Gbogbo ilé. Èwo ló ń jẹ́ gbogbo ilé níbí? Pè é kó jáde."

"Bàbá Ìtùnú, mo kígbe, wọ́n dá mi lóhùn."

"Ta ló dá ẹ lóhùn?"

Martha gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ohùn ló gbọ́. Kò wò ó pé ohùn ta ni.

Gbádéyan jáde lọ bá Màmá Asabe tó ń ta kúnú lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló dàgbà jù nínú ilé. Obìnrin náà pa iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ tì.

"Wàllàhì, Bàbá Ìtùnú, mo dáhùn. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mo rò pé àwọn tó ń fọṣọ létí kànga ń wò ó ni."

Àwọn tó ń fọṣọ ní àwọn rò pé Màmá Asabe ń wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, Gbádéyan ra àgádágodo ńlá kan, ó kan irin mọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Martha dúró, ó ń wò ó títí ó fi kàn án tán.

"O fẹ́ máa ti ọmọ mọ́lé. Ọmọ lo bí o, kì í ṣe ewúrẹ́ lo rà."

"Ewúrẹ́ gan-an, tí wọ́n bá ń gbé létí títì, wọ́n máa ń so ó."

"Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ sí i nínú ibẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa ṣílẹ̀kùn?"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Mo ti kó ọ̀bẹ. Mo ti kó ìṣáná. Ìta ni sítóòfù wà."

"Fi kọ́kọ́rọ́ kan sọ́dọ̀ Màmá Asabe, mo bẹ̀ ẹ́."

"Kí wọ́n tún lè dá ẹ lóhùn? Rárá."

"Àgádágodo ò lójú, Bàbá Ìtùnú. Àwọn èèyàn yìí lójú."

"Wọ́n lójú, wọn ò wò."

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Nídìí oúnjẹ, lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú ọmọ. Bó bá jẹ́ Martha ló ń fi ọmọ sílẹ̀, á gbé e sáàárín àgbàlá, á kígbe, á máa lọ. Bó bá jẹ́ Gbádéyan ni, á tì í mọ́lé, á fi kọ́kọ́rọ́ sáyà. Kálukú gbà pé ẹnì kejì lòun ń gba ọmọ là lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tó yá, ọdún 1994 dé, epo wọ́n. Pẹtiróòlù ò sí, kẹrosíìnì ò sí. Jẹ́léósinmi tí Ìtùnú ń lọ tilẹ̀kùn nítorí àwọn olùkọ́ ò rí ọkọ̀ wọ̀. Gbádéyan bá ń mójú tó o láàárọ̀ kí tọ́ọ̀nù ẹ̀ tó kàn. Láàárín ìgbà náà ni ẹnì kan nínú ilé jí kẹrosíìnì inú sítóòfù wọn fà gbẹ. Martha tún lọ tò níbi tí wọ́n ti ń tà á. Odindi Sátidé ló fi tò. Nígbà tó gbé e dé, kò rọ ọ́ sínú sítóòfù mọ́. Ó rọ ọ́ sínú ìgò mínírà, ó fi bébà dí i lẹ́nu, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kò sólè tó máa rí i níbẹ̀," ló wí.

Inú Gbádéyan dùn. "Ìgbà yìí lo wá gbọ́n, Ìyá Ìtùnú."

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń jà, ohun kan ṣoṣo tí ẹnu wọn kò lé lórí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, Martha ti lọ síbi iṣẹ́. Gbádéyan fẹ́ lọ fi ọkọ̀ tò ní gáréèjì kó sì padà. Ibi tó fẹ́ dé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gé búrẹ́dì fún Ìtùnú, ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù fún un.

"Mò ń bọ̀ báyìí. Máa jẹ búrẹ́dì."

"Ẹ ra bíbì bọ̀."

"Màá ra bíbì bọ̀."

Ó tì í. Ó fà á wò. Ó tún fà á wò.

Ọkọ̀ méjì ló yẹ kó ṣáájú tiẹ̀. Ìkankan nínú wọn ò rí epo. Bó ṣe páàkì báyìí ni èrò ya lù ú, wọ́n ti pẹ́ nínú oòrùn. Shehu ń pariwo.

"Alágádágodo, tọ́ọ̀nù ẹ rèé o!"

"Shehu, mo fi ọmọ sílé."

"Ta ni ò fi ọmọ sílé? Tó ò bá lọ, ẹ̀yìn pátápátá lo máa lọ o. Mi ò mọ ọjọ́ tó tún máa kàn ẹ́."

Gbádéyan fọwọ́ kan àyà ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Ó ronú pé ọmọ máa jẹun, á sùn. Inú ilé ló wà, kò sí ọkọ̀ nínú ilé. Ó gbé èrò. Nígbà tó dé Ọ̀mù-Àrán, kò dúró tò. Ó yí orí ọkọ̀ padà ní òfìfo, ó ń sá eré tí kì í sá. Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ ẹ̀ tó pàdé lọ́nà ń tan iná sí i pé ṣé kò sí.

Shehu ló pàdé ẹ̀ lẹ́nu gáréèjì. Kò pè é ní Alágádágodo.

"Gbádéyan, sọ̀ kalẹ̀. Jẹ́ kí n wà á."

Ohun tí wọ́n sọ fún un nìyí. Búrẹ́dì gbẹ Ìtùnú lọ́fun, omi inú kọ́ọ̀pù sì ti dànù. Ọmọ wá omi títí tó fi rí ìgò mínírà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá Asabe ló gbọ́ ikọ́. Ó yọjú lójú fèrèsé, òórùn kẹrosíìnì gbá a nímú. Ó kígbe. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ilé jáde, gbogbo ilé wò. Wọ́n fa àgádágodo, kò já. Èyí tó dára ni Gbádéyan rà.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó gbé májèlé jẹ nílé wa, ohun tí Màmá Asabe ṣe nìyẹn. Ó bu epo pupa. Ó pe Ìtùnú wá sójú fèrèsé, ọmọ wá, ó di irin fèrèsé mú. Ó ń fi ṣíbí fún un láàárín irin. "Gbé e mì, ọkọ mi. Gbé e mì, o máa bì í." Ọmọ gbé e mì. Ó bì í. Lẹ́yìn èébì náà ni kò lè mí dáadáa mọ́. Kí wọ́n tó fi ọmọ odó fọ́ ilẹ̀kùn, ojú ẹ̀ ti yí.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé ta ló fún un ní epo. Màmá Asabe ní òun ni. Nọ́ọ̀sì náà ò bú u. Ó kàn sọ pé ẹni tó bá mu kẹrosíìnì, wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bì. Ibi tó ti ń bì í ló ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Màmá Asabe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọn ò rí i gbé dìde.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìtùnú kú.

Àwọn àgbà ló lọ sin ín. Wọn ò jẹ́ kí bàbá àti ìyá mọ ibẹ̀. Títí dòní Gbádéyan ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá. Wọ́n ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Martha jókòó, ojú ẹ̀ gbẹ, ó ń wo ilẹ̀kùn tó fọ́. Nígbà tó la ẹnu, níwájú gbogbo wọn ni.

"Bàbá Ìtùnú, ta lo fà á lé lọ́wọ́?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu Gbádéyan fúnra ẹ̀ nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n. Inú bí i.

"Ta ló rọ kẹrosíìnì sínú ìgò mínírà?"

"Èmi ni. Ìwọ lo sì ní mo gbọ́n."

Lọ́sẹ̀ náà, Martha di ẹrù ẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní àdúgbò Basin.

Wọn ò kígbe mọ́ nínú ilé yẹn. Obìnrin tó bá ń jáde á wọ yàrá ẹnì kan lọ, á pe orúkọ ẹ̀, á dúró kó dáhùn. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn Màmá Asabe, inú ibẹ̀ lá ti dáhùn pé, "Mi ò sí nílé." Kò ta kúnú mọ́. Bí òun àti Gbádéyan bá pàdé létí kànga, wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Gbádéyan ò tún ilẹ̀kùn ṣe. Wọ́n jí rédíò ẹ̀, kò wá a. Wọ́n jí jáàkì ọkọ̀ nínú búùtù tí kò tì, ọ̀gá ẹ̀ pariwo, kò wí nǹkan kan. Gbádéyan ni àwọn dírẹ́bà wá ń pè é báyìí. Ó wù ú kí ẹnì kan tún fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó lọ sí Basin. Ilé olódi ni, géètì onírin. Ó kàn án títí tí ẹsẹ̀ ẹnì kan fi dún lẹ́yìn géètì. Ó mọ ẹsẹ̀ náà.

"Martha. Èmi ni."

"Mo mọ̀."

"Ṣílẹ̀kùn."

"Ta lo fi ilé sílẹ̀ fún?"

"Kò sẹ́nì kan níbẹ̀."

"O tì í?"

"Mi ò tì í. Mi ò ti nǹkan kan mọ́."

Gbádéyan fi iwájú orí ti irin géètì, oòrùn ti mú un gbóná. Ó rò pé Martha máa ṣí i.

"Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi," ni Martha wí.

Ẹsẹ̀ ẹ̀ yí padà, ó ń lọ sínú ilé. Bó sì ṣe ń lọ, Gbádéyan ń gbọ́ ọ, kọ́kọ́rọ́ ń ró lọ́wọ́ ẹ̀.