Ìyá Mi Ní Kí N Wo Òun Lójú

Mo rántí àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì olùkọ́ mi ní yunifásítì ní Dublin níbí, nítorí kápẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni mo wò títí a fi sọ̀rọ̀ tán. Ọdún kìíní mi nìyẹn. Mo kọ àròkọ lórí ìgbà èwe amòye òǹkọ̀wé kan ní Yúróòpù àtijọ́: ìyá rẹ̀ kú nígbà tó bí i, wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ọ̀gá ń lù ú bí ẹni lu bàrà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ti eré dé, ó bá ẹnubodè ìlú ní títì, ló bá kúkú sá lọ. Mo kọ ọ́ pé kì í ṣe ẹnubodè ló lé e, ẹgba tó ń dúró dè é láàárọ̀ ni. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó sá rí?

Olùkọ́ ní ẹlòmíì ló bá mi kọ ọ́. Ẹ̀rí dà? Ó ní mi ò lè wo ojú òun. Ẹ gbọ́ nǹkan! Obìnrin tó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, kí n wá tẹjú mọ́ ọn bí ẹni wá ìjà? Ọ̀wọ̀ tí mo fún un ló fi dá mi lẹ́bi. Wọ́n pè mí síwájú ìgbìmọ̀ yunifásítì. Bí mo bá jẹ̀bi, wọ́n á lé mi.

Ìyá mi, tó kọ́ mi pé ọmọ tó ń wo àgbà lójú kò lẹ́kọ̀ọ́, gbé àga sí kíṣìnnì wa ní àdúgbò Phibsborough, ó ní kí n fi òun ṣe olùkọ́ náà.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbójú sókè, wò mí."

Mo wò ó.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi lò ń wò báyẹn?" Ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n wò yín!"

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni ò tíì gbọ́."

Àbúrò mi, tí wọ́n bí síbí, ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ firíìjì: "Ah, you'll be grand," ìyẹn ni pé kò séwu.

Níwájú ìgbìmọ̀, mo wo olùkọ́ náà bí ẹni ń wo oòrùn ọ̀sán. Mo ṣàlàyé ọmọ náà, ẹnubodè náà, ẹgba náà. Wọ́n dá mi láre. Olùkọ́ ò bẹ̀ mí o. Ó ní mo ti nígboyà sí i. Ìyẹn ṣì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ara tù mí bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn délé, ìyá mi jó yí tábìlì ká. Nígbà tó sinmi, ó rí i pé mo ṣì ń wo òun.

"Wọ́n ti dá ẹ láre. Ó tó. Gbójú ẹ sílẹ̀."

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí. Bí ọmọ kan bá dúró níwájú mi tó tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, mi ò ní kó gbójú sókè. Ohun tó ń sọ ni mo máa ń gbọ́.