Fìlà Líle Tí Ọkọ Mi Bọ́ Sílẹ̀

Mo rántí bí ọkọ mi ṣe máa ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká, tí yóò ti máa pè mí láti ìta kó tó wọlé. Bíríkìlà ni. Láyé ìgbà tí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lápá Gbági, ibẹ̀ ló ń lọ láràárọ̀, yóò gba abẹ́ Mápó, yóò la Ọjà'ba kọjá. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí, n kò tíì bímọ. Òun nìkan ni mo ní nínú ilé ńlá yẹn.

Ọ̀gá wọn fún oníkálukú ní fìlà líle kan tó dà bí igbá, ó ní kí wọ́n máa dé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ mi gbé tirẹ̀ wálé kí n rí i. Ó ní, "Ooru inú nǹkan yìí á ti pa èèyàn kí òkúta tó jábọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ń dùn mọ́ mi nígbà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pákó tí wọ́n to bíríkì lé lókè ilé tí wọ́n ń kọ́ yẹ̀. Ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, káfíńtà kan, ni wọ́n jọ wà nísàlẹ̀. Bíríkì ba àwọn méjèèjì lórí. Káfíńtà dé fìlà tirẹ̀. Ọkọ mi ti bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè nu òógùn. Nígbà tí mo dé ọsibítù, ojú rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Mo ní Alihamudulilahi, mo sáré wálé lọ se ọbẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Dókítà ní egungun orí yóò jiná, ṣùgbọ́n ọpọlọ inú rẹ̀ ti fara pa, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ tún ìyẹn tò. Nígbà tí ó padà wálé, ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ń kírun pàápàá. Ó wò mí, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ìyàwó mi."

Mo ní, "Èmi nìyí."

"Ẹ má bínú," ó dáhùn. Ó jókòó, ó ń retí mi.

Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Wọn ò sọ ohun tí a ń ṣe fún ẹni tí kò sàìsàn, tí kò sì kú. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa lọ sílé wa, pé ọmọdé ṣì ni mí. N kò lọ. Mò ń gbọ́únjẹ fún un lójoojúmọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ará àdúgbò.

Káfíńtà wá kí wa, ó gbé fìlà tirẹ̀ dání. Fìlà náà ti là láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Òun ló gba bíríkì náà fún mi, ìyàwó wa," ó ní. "Orí fífọ́ lásán ló ṣe mí lọ́jọ́ náà." Ó bú sẹ́kún. Ọkọ mi ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ó pẹ́ kí ọkọ mi tó kú, kò sì mọ̀ mí títí ó fi lọ.

Èmi náà ti darúgbó. Wọ́n ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa báyìí, mo máa ń gbé àga síta. Èyí tí fìlà rẹ̀ bá kúrò lórí nínú àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ariwo mi ni yóò gbọ́. Wọ́n ní ìyá yìí ti ń ṣarán. Kò burú. Wọ́n ń kùn sí mi lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń dé e.