Pósítà Ogun Tí Àwọn Ará Àdúgbò Pè Ní Físà

Nígbà tí pósítà ogun náà wọ ṣọ́ọ̀bù wa, èmi àti obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Agége ti yan ara wa lódì. Ọ̀rọ̀ fáànù ló dá a sílẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní, mo sì dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tí ó fi okùn so ó mọ́ apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo sọ tinú mi, ó sọ tinú rẹ̀, a sì dákẹ́. Ó jù mí lọ, Àǹtí ni mo ń pè é, n kò sì lè ṣàfojúdi sí i. Tí iṣẹ́ bá délẹ̀, màá kọjú sí oníbàárà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Àǹtí bóyá wọ́n ti ṣe tán." Òun náà á ní, "Ẹ sọ fún un pé ó ku díẹ̀." Bẹ́ẹ̀ tí mo bá nawọ́, màá kàn án.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ọkùnrin kan fi wọlé. Ó fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ sí Òpèbí, ó ń wá ohun tí yóò gbé kọ́ sára ògiri. Bàbá bàbá rẹ̀ jagun ní Bọ́mà, wọ́n sì rí pósítà kan nínú àpótí bàbá náà ní Ìjẹ̀bú, wọ́n ká a bí aṣọ. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ìjọba òyìnbó ń lẹ̀ kiri nígbà ogun Jámánì, kí aráyé lè gbà pé ọ̀kan náà ni gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn wọn. Ará Gẹ̀ẹ́sì, ará Amẹ́ríkà, ará Rọ́ṣíà àti ará Ṣáínà gbá ara wọn léjìká mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àsíá kálukú wọn sì wà lókè orí rẹ̀. Ṣọ́jà adúláwọ̀ kan wà ní ìparí ìlà. Òun nìkan ni kò ní àsíá.

Ọkùnrin náà ní òun fẹ́ kó tóbi bí ilẹ̀kùn.

Bí Àǹtí ṣe fẹ àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà, ipa ibi tí wọ́n ti ká ìwé náà hàn gbọọrọ gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ adúláwọ̀ yẹn. Ẹnu mi yọ.

"Háà! Gọ̀m̀bọ́ ló kọ! Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará ilé wa!"

"Ará ilé yín wo?" Àǹtí gbàgbé pé a ò sọ̀rọ̀. "Ibi tí ìwé ti ṣẹ́ nìyẹn. Mo máa pa á rẹ́."

"Àǹtí, ẹ má fọwọ́ kan ilà bàbá wa."

"Ta ni bàbá yín? Ọmọ Ìjẹ̀bú ló ni pósítà!"

Ọkùnrin náà ní kí a má bínú, pé àwòrán yíyà ni, pé òyìnbó tó yà á lè má tí ì fojú kan adúláwọ̀ rí. Nígbà tó yá, Àǹtí pa ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ́, ó fi ti òsì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé a ń jà, ó bá panu mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé bánà tí a tẹ àwòrán náà sí kọ́ síta kí íńkì rẹ̀ lè gbẹ. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, àsíá ni wọ́n rí. Télọ̀ òdìkejì ló kọ́kọ́ dé.

"Ẹ ti ń ṣe físà, ẹ ò sì sọ fún wa!"

Kó tó di pé mo dáhùn, èrò ti pé. Kápẹ́ńtà kan bi mí pé èwo ló yá jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní ogun ni o, kì í ṣe físà. Ó ní, "Ogun kẹ̀? Èló ni wọ́n ń san fún ṣọ́jà?" Ẹnì kan lẹ́yìn pariwo pé àwọn olówó tó ń gbé Ọmọlé la fẹ́ fi í pamọ́ fún. Wọ́n bá ń ti ara wọn wọlé.

"Dúró síbẹ̀ yẹn, má jẹ́ kí wọ́n wọlé!" Àǹtí ló ń bá mi wí.

"Ẹ di apá ọ̀dọ̀ yín mú, Àǹtí!"

A fèjìká kan èjìká lẹ́nu ọ̀nà, àfi ìgbà tí Alhájà onílé wa sọ̀ kalẹ̀, tí gbogbo wọn yà fún un. Màmá náà wo bánà títí.

"Àwọn wo nìyí?"

Àǹtí ní wọ́n para pọ̀ bá ọ̀tá jà, wọ́n sì ṣẹ́gun.

"Alhamdulilahi. Ṣé wọ́n ṣì ń ṣọ̀rẹ́?"

Àǹtí wò mí, mo wo Àǹtí. "Alhájà," ni mo wí, "bí ogun ṣe parí ni wọ́n kẹ̀yìn síra wọn."

"Mo ti fura. Ẹ wò wọ́n, wọ́n dìmọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sí èyí tó wojú ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ ká a kúrò níta ilé mi."

Èrò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tú ká. Télọ̀ nìkan ló dúró, ó ń bi wá léèrè ìdí tí Kánádà ò fi sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àǹtí ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, ó pín in sí méjì. Ó ní ooru tó mú kí òun so fáànù mọ́ ọ̀dọ̀ òun kì í ṣe ti oòrùn, ọjọ́ orí ni. Ó ń bò ó lójijì, kódà tí òjò bá ń rọ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ sára bánà ni?"

Ẹ̀rín mú kí ẹ̀pà há mi lọ́fun, Àǹtí gbá mi lẹ́yìn títí mo fi mí. Lẹ́yìn náà a ká àwọn ṣọ́jà wa, èmi di iwájú mú, Àǹtí di ẹ̀yìn mú, a sì gbé wọn lọ sí Òpèbí.