Ihò Tí Bàbá Júwe

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko ni ọkùnrin yìí fi pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ilé tó wá tì. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé sódì, ẹ má tilẹ̀ kọ ọ́ rárá, yóò débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Kò-ṣìnà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ìyàwó rẹ̀ gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Kò-ṣìnà kì í béèrè, ohun tó sì fi ń yangàn nìyẹn. Nítorí náà, ẹ fojú inú wo bí ojú ṣe tì í tó lọ́jọ́ tó dé ìdí àpáta kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nínú igbó orí òkè, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá jókòó sórí àpáta ọ̀hún, tó ń gbọn ewé kúrò nínú bàtà.

"Kò-ṣìnà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "ṣé àpáta yìí ló ń tẹ̀ lé wa ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ronú."

"Máa ronú o. Ẹsẹ̀ mi ló ń ronú ní tèmi."

Ẹ̀gbọ́n yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìdí aṣọ lílọ̀ nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti lo ayé rẹ̀, apá rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì tún mú ju apá lọ.

Ohun tó gbé àwọn méjèèjì dénú igbó kì í ṣe eré. Nígbà tí Kò-ṣìnà wà lọ́mọ oṣù méjì, bàbá wọn filé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ awakùsà lórí òkè yìí, kò sì padà wálé títí ọmọ náà fi pé ọdún méje. Ohun tí bàbá sọ nìyẹn. Ohun tí àwọn ẹbí ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé kò síhò ìwakùsà kankan, obìnrin kan ló gbé e pa mọ́ sí ìlú kékeré ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí lẹ́tà ìyá wọn máa ń bá a. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni bàbá kú. Ilẹ̀ ibojì ò tíì gbẹ tí àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré, fi dìde láàárín ẹbí, tó ní òun ti gun òkè náà rí nígbà ọ̀dọ́, òun tẹ̀ lé gbogbo bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe júwe, igi àti koríko nìkan lòun rí. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," ó ní, "ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá wọn kò ti dárúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́. Obìnrin tó ti ń gbèjà ọkọ láti ìgbà ọmọge wá dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ó ti lé ní ọdún márùnlélọ́gọ́rin. Kò-ṣìnà kò fẹ́ kó kú sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ náà sì fẹ́ mọ irú ẹni tó bí òun. Bí ihò bá wà, bàbá ṣe olóòótọ́. Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ó tún tú ìwé tó kọ àpèjúwe bàbá sí. Àìmọye ìgbà ni bàbá ti kà á sí i létí, kò sì yí i padà rí: níbi àpáta olórí méjì, yà sọ́wọ́ ọ̀tún, bó o bá dé odò kékeré, yà sọ́wọ́ òsì, máa gòkè lọ títí wàá fi rí ògiri òkúta. Àpáta olórí méjì rèé, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún gbé wọn wọ inú ẹ̀gún. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gún kọjá, wọ́n bá ara wọn létí ọ̀gbun. Wọ́n yí ọ̀gbun po, wọ́n bá àpáta. Kò sí ojú ọ̀nà, igi gbogbo jọra, ewé tó ti rà sílẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ mì. Kò-ṣìnà wo ìwé, ó wo igbó, ó tún wo ìwé. Ọkàn rẹ̀ dà rú. Ṣé ọ̀nà ló parẹ́ ni, àbí kò fìgbà kankan sí? Ìbéèrè kejì yìí dẹ́rù bà á.

"Wò ó, jẹ́ n bi ọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí lójijì. "Tí Bàbá bá rán ọ wọ yàrá pé kó o lọ mú nǹkan wá, ṣé o máa ń rí i?"

"Èwo tún ni ti yàrá nínú igbó?"

"Dá mi lóhùn."

"Rárá. Wọ́n á ní ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, màá tú ọ̀tún, mi ò ní bá a. Ọwọ́ òsì ni màá ti padà rí i. Wọ́n á wá ní ojú mi fọ́."

"Èmi bi wọ́n léèrè nígbà kan. Wọ́n ní nínú ihò, kò sẹ́ni tó ń júwe ọ̀nà fẹ́ni tó ń wọlé. Ẹni tó ń jáde ni wọ́n ń júwe fún. Tíná bá kú mọ́ èèyàn lójú nísàlẹ̀ ilẹ̀, ọ̀nà àtijáde nìkan ló ń wá. Ọ̀tún àwọn awakùsà, ọ̀tún ẹni tó ń jáde bọ̀ ni."

Kò-ṣìnà tún ìwé náà kà: ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún. Bàbá Kékeré náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí, ó sì ti tìtorí rẹ̀ ba òkú lórúkọ jẹ́.

"Ẹ sì jẹ́ kí n máa fẹsẹ̀ họ igbó láti àárọ̀?"

"Ìwọ lo ní o kì í béèrè."

Wọ́n yà sósì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ìró odò. Wọ́n yà sọ́tùn-ún níbẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ di gbòǹgbò mú gòkè, títí ògiri òkúta fi yọ, tòun ti ihò tó dúdú kirikiri láàárín rẹ̀, irin tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ òkúta gbà kọjá sì ti dípẹtà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jó ẹsẹ̀ méjì, ó bú sẹ́kún. "Bàbá ò purọ́!" Inú Kò-ṣìnà dùn débi pé ó kí ihò náà bí ẹni kí àgbàlagbà.

Ìbá dáa ká ní wọ́n padà sílé nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ku mẹ́ta nídùúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, wọ́n sì fẹ́ mọ èyí tí bàbá gbé. Lára férémù ilẹ̀kùn yàrá kejì, ẹnì kan ti fọ̀bẹ fa ìlà márùn-ún, ọ̀kan lókè èkejì, pẹ̀lú ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò-ṣìnà mọ ọwọ́ ìkọ̀wé èèyàn ju ojú wọn lọ. Eéje tí wọ́n fa ìlà gba ikùn rẹ̀ kọjá yìí, bàbá nìkan ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ ni wọ́n ń wọ̀n," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

Kò-ṣìnà ka àwọn ọdún náà. Láti ọdún tí òun pé méjì ni, títí dé ìgbà tí òun pé mẹ́fà. "Ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi gẹ́lẹ́," ó ní. Kò mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́ mọ́. Iṣẹ́ jẹ́ òótọ́, ṣé obìnrin náà wá jẹ́ òótọ́ pẹ̀lú ni? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àwọn á sọ ti ihò fún ìyá, ìyókù á kú síkùn àwọn. Wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìyá wọn jókòó létí fèrèsé, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

"Màámi, ihò náà wà," ni Kò-ṣìnà wí. "A fojú ara wa rí i."

"Mo gbọ́. Kí ló tún wà níbẹ̀?"

"Yàrá àwọn òṣìṣẹ́, mà."

"Kí ló wà ní yàrá?"

Kò-ṣìnà wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo àjà.

"Láti kékeré lẹ̀yin méjèèjì ò ti mọ irọ́ pa," ni ìyá wí. "Ẹ sọ ọ́."

Kò-ṣìnà bá sọ ọ́, ó ń kólòlò bí ọmọ iléèwé. Ìyá kò sọkún, kò bínú.

"Ìlà mélòó?"

"Márùn-ún, mà."

"Èyí tó kéré jù, ibo ló dé lára ẹ?"

Ó fọwọ́ kan ìtan rẹ̀. Ìyá yọ ẹsẹ̀ nínú omi, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ìwọ ni," ó ní. "Oṣù méjì lo wà nígbà tó lọ, kò mọ bó o ṣe ń ga. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ìbí ẹ, màá mú ẹ dúró ti ògiri, màá na òwú láti gìgísẹ̀ ẹ dé àtàrí, màá gé e, màá ká a sínú lẹ́tà. Ọdún kìíní, o ò lè dúró. Ọdún kejì ni mo bẹ̀rẹ̀."

"Èmi ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n bèèrè. "Ẹ ò wọ̀n mí?"

"Ìwọ tó o ti ń pariwo kiri ilé kó tó lọ? Ó kúkú mọ̀ ẹ́."

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa rí?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Kò dárúkọ òwú náà nínú lẹ́tà kankan. Nígbà tó dé, kò sọ ọ́, èmi náà ò bi í. Mo ní ó ti dà á nù ni. Wọ́n sì ń sọ fún mi pé ọkùnrin tó nílé míì, kí ló fẹ́ fòwú ṣe."

Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ó rí i gbà," ó ní. "Bàbá yín rí gbogbo ẹ̀ gbà."